Igbó, Odò àti Dáàmù Èkìtì Lórí Kẹ̀kẹ́: Ẹ Má Wá Gbogbo Rẹ̀ Lójú Ọ̀nà Kan

Olùkàwé kan láti Adó-Èkìtì béèrè pé: «Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kẹ̀kẹ́ gravel (kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà erùpẹ̀) tòkunbọ̀ kan, táyà rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 40. Mo fẹ́ ọ̀nà kan tí mo lè gùn lópin ọ̀sẹ̀, tí yóò gba inú igbó, tí yóò kọjá odò, tí yóò dé ẹ̀bá dáàmù, kí n sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀nà wo ni kí n gbà? Kí ni mo gbọ́dọ̀ mú dání?»

Ká má tan ara wa, ọ̀nà kan yẹn kò sí. Èkìtì kò tóbi, ìjọba ìbílẹ̀ 16 péré ni, síbẹ̀ nǹkan mẹ́ta tí ẹ ń wá kò sí lójú kan. Òkè àti ìsun omi wà ní ìwọ̀-oòrùn, láti Ìkọ̀gòsì dé Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè. Dáàmù ńláńlá wà ní àríwá àti ìlà-oòrùn: Èrò ní Ìkún-Èkìtì, Ẹ̀gbẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ Gbọ́nyìn, Ìtapájì ní apá Ìkọ̀lé. Igbó ọba tó ṣì nípọn wà ní gúúsù, ní Ìsẹ̀-Èkìtì. Bí ẹ bá fi tipátipá so wọ́n pọ̀, títì ọlọ́dà ni ẹ ó máa gùn lọ́pọ̀ ìgbà, tírélà lẹ́yìn yín, táksì tó ń sá fún kòtò níwájú yín. Ẹ pín in sí ìrìn mẹ́ta, kí ẹ sì gun ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìgbà tó bá a mu.

Ọ̀rọ̀ ìgbà yìí ló ṣe pàtàkì jù, òun sì ni àwọn èèyàn kì í kà sí. Oṣù Kọkànlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ló dára jù. Òjò ti dá, omi ṣì wà nínú odò, omi Arinta tó ń já wálẹ̀ láti orí àpáta ṣì ń dún, eruku kò sì tíì jinlẹ̀. Nígbà tó bá fi máa di oṣù Kejì, ilẹ̀ pupa ojú ọ̀nà oko á ti lọ̀ di ìyẹ̀fun, òkúta wẹ́wẹ́ orí rẹ̀ á sì máa yí lábẹ́ táyà. Ẹ lè rí àyè díẹ̀ nígbà tí òjò bá sinmi nínú oṣù Kẹjọ, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé e, nítorí ọdún mìíràn wà tí kì í sinmi rárá. Láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje àti ní oṣù Kẹsàn-án, ẹ fi ọ̀nà àfonífojì sílẹ̀. Bí òjò ńlá bá rọ̀ lálẹ́, ọ̀nà tó wà lórí òkè á gbẹ láàárín ọjọ́ kan, nítorí yangí ni, omi kì í dúró lórí rẹ̀. Ìsàlẹ̀ tí oko kòkó wà ni amọ̀ dúdú ti ń mu omi fún ọjọ́ mẹ́ta. Amọ̀ yẹn kì í jábọ́ lára táyà. Á máa lẹ̀ mọ́ ọn títí àlàfo tó wà láàárín táyà àti férémù á fi dí, kẹ̀kẹ́ á sì dúró gbọin. Bí ẹ bá fi agbára tẹ pẹ́dà nígbà náà, derailleur, ìyẹn apá kékeré tó ń gbé séènì láti orí jíà kan sí òmíràn, á yí wọ inú sípóòkù, á sì kán. Ibẹ̀ ni ìrìn ọjọ́ yẹn parí sí. Bí ẹ bá ti rí i pé kẹ̀kẹ́ ń wúwo nínú amọ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi igi ha amọ̀ náà kúrò, kí ẹ sì gbé kẹ̀kẹ́ sí èjìká. Ẹ má tì í.

Apá ìwọ̀-oòrùn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ gba Ìlawẹ̀ jáde ní Adó, ẹ kọjá sí Ìgbàrà-Odò, kí ẹ wá yà sí Ìkọ̀gòsì. Láti ibẹ̀ ẹ lọ sí Ìpólè-Ìlórò níbi tí ìṣàn omi Arinta wà, kí ẹ wá gba Eríjìyàn, Arámọ̀kọ, Ìgèdè àti Ìyìn padà sí Adó. Ọlọ́dà ni títì tó so àwọn ìlú wọ̀nyí pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kòtò ti jẹ ibòmíràn. Ojú ọ̀nà oko tó yà kúrò lára wọn ni ẹ ń wá: láàárín Ìgbàrà-Odò àti Ìkọ̀gòsì, àti ní ẹ̀yìn Eríjìyàn, ọ̀nà oko pọ̀ tó ń gba abẹ́ kòkó àti igi tíìkì, tó tún ń padà já sí títì. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí nǹkan bá bàjẹ́, títì kò jìnnà, ọkọ̀ wà, ìlú sì wà.

Ní Ìkọ̀gòsì, omi gbígbóná ń sun jáde ní nǹkan bí 70°C, á sì ṣàn lọ pàdé ti tútù nísàlẹ̀. Wọ́n ń gba owó níbẹ̀, ẹ mú owó ẹnu géètì dání. Ẹ má rọ omi gbígbóná sínú ìgò omi yín. Ẹ̀rín lè pa yín, àmọ́ àwọn tó ti dá a wò wà.

Ẹ kíyè sí ilẹ̀ apá yìí. Òkè Ẹ̀fọ̀n kì í ṣe òkúta dúdú rọ̀bọ̀tọ̀ bí àpáta Olóṣùnta ti Ìkéré. Òkúta funfun, tó le, tí eteetí rẹ̀ máa ń mú bí ọ̀bẹ bó bá ṣẹ́, ló pọ̀ níbẹ̀. Eteetí yẹn kì í gún orí táyà, ẹ̀gbẹ́ ló máa ń ya. Nítorí náà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà kí ẹ tó kúrò nílé. Bí ẹ bá ti ń rí òwú lábẹ́ rọ́bà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ gé nǹkan bí ìka mẹ́ta nínú ògbólógbòó táyà, ẹ fi sínú àpò. Bí ẹ̀gbẹ́ táyà bá ya lọ́nà, ẹ gbé e sí inú, láàárín tíúbù àti ibi tó ya, kí ẹ fún afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀. Á gbé yín délé. Ike pure water tí ẹ ṣẹ́ ní ìlọ́po mẹ́rin náà á ṣe é, àmọ́ kò lè pẹ́.

Òkè apá yìí ga. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ irú èyí, ilẹ̀ títẹ́jú ni wọ́n fi jíà wọn sí fún. Ìlànà tó rọrùn ni pé kí iye eyín jíà iwájú tó kéré jù má ju iye eyín ti ẹ̀yìn tó tóbi jù lọ. Bí iwájú bá jẹ́ 40, tí ẹ̀yìn sì jẹ́ 32, ẹsẹ̀ ni ẹ ó fi gun òkè Ẹ̀fọ̀n. Iwájú 30 pẹ̀lú ẹ̀yìn 34, tàbí iwájú 38 pẹ̀lú ẹ̀yìn 42, á gbà yín. Bí ẹ bá ń bọ̀ nísàlẹ̀, ẹ má di bíréèkì mú láti òkè délẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ó mú dáadáa, ẹ tú u sílẹ̀ kí ó tutù, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Èyí tí ẹ bá dì mú láìtú, á gbóná, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Bíréèkì tó ń tẹ ríìmù tilẹ̀ lè mú kí ríìmù gbóná débi tí tíúbù á fi bẹ́.

Ìrìn kejì ni dáàmù Èrò. Ẹ má gun kẹ̀kẹ́ láti Adó débẹ̀ kí ẹ sì tún retí láti gùn ún padà lọ́jọ́ kan náà. Ẹ fi ọkọ̀ gbé kẹ̀kẹ́ dé Ìdó-Èkìtì tàbí Ọ̀tùn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ìrìn níbẹ̀. Ọ̀dàn ló pọ̀ ní àríwá Èkìtì, igbó ibẹ̀ kò nípọn bíi ti gúúsù. Ọ̀nà rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó tẹ́jú díẹ̀, ibòji rẹ̀ sì kéré. Ní aago 11 òwúrọ̀, oòrùn ti dé orí yín. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ máa ń tiná bọ ìgbẹ́. Bí ẹ bá rí èéfín níwájú, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Bó bá ń fẹ́ bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ pẹ̀yìn dà.

Ibi iṣẹ́ omi ni dáàmù, kì í ṣe ibi ìgbafẹ́. Ẹ dúró ní ẹnu géètì, ẹ kí àwọn ẹ̀ṣọ́, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ wo omi, kí ẹ sì gbà bí wọ́n bá ní rárá. Bí wọ́n bá jẹ́ kí ẹ wọlé, ẹ ti kẹ̀kẹ́ lórí bèbè, ẹ má gùn ún: òkúta ńláńlá tí wọ́n tò sí ìhà omi kò dá ẹnikẹ́ni tó bá yọ̀ dúró. Ẹ má sún mọ́ ibi tí omi ti ń ṣàn kọjá nígbà òjò. Ẹ má sì wẹ̀ níbẹ̀. Omi tó dúró jẹ́ẹ́ létí dáàmù, níbi tí koríko àti ìgbín omi wà, lè ní kòkòrò àtọ̀sí ajá, ara ló sì ń gbà wọlé láìjẹ́ pé èèyàn mu ún. Ẹni tó bá wẹ̀ níbẹ̀, tó wá ń tọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, kó lọ sọ fún dókítà pé òun wẹ̀ ní dáàmù. Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni. Ní ẹ̀bá odò tó ń sáré lórí òkúta, eṣinṣin dúdú kéékèèké tó ń tan àrùn ìfọ́jú odò ló ń jẹni, ojúmọmọ ló sì ń jáde. Ẹ wọ ṣòkòtò àti aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn bí ẹ bá fẹ́ jókòó jẹun níbẹ̀.

Dáàmù Ẹ̀gbẹ́ náà dára, ojú ọ̀nà Ìjàn àti Ìlúọmọba ni ẹ ó gbà jáde síhà ìlà-oòrùn. Ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá ti gun Èrò. Dáàmù Urèjé tó wà nínú Adó kéré, ilé ti yí i ká; ibi tí ẹ ti máa dán kẹ̀kẹ́ wò ní òwúrọ̀ Sátidé ni.

Ìtapájì àti gbogbo apá Òkè-Àkó àti Ìpàó, tó bá Kogí àti Kwara pààlà, ẹ má gùn ún báyìí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà apá yẹn, wọ́n sì jí àwọn ọmọ iléèwé gbé ní agbègbè Emùrè lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ kò lè sá fún ẹni tó wà lórí ọ̀kadà. Níbikíbi tí ẹ bá sì ń lọ ní Èkìtì, ẹ má dá lọ. Kí ẹ tó mẹ́rin, kí ẹnì kan nílé mọ ọ̀nà tí ẹ gbà àti aago tí ẹ ó padà, kí nọ́ńbà Àmọ̀tẹ́kùn ìjọba ìbílẹ̀ náà wà lórí fóònù yín, kí ẹ sì má gbé àwòrán sórí Facebook títí ẹ ó fi délé. Ẹ gbéra ní aago 6 àárọ̀. Kí aago 4 ìrọ̀lẹ́ má bá yín nínú oko.

Ìrìn kẹta ni Ìsẹ̀. Igbó ọba ni, àwọn ìnàkí tí wọ́n ń pè ní ṣìńpáńsì ṣì wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Kò yẹ kí ẹ gba àárín rẹ̀ kọjá, kódà bí ẹ bá rí ọ̀nà. Ẹ gùn ní eteetí rẹ̀, nínú ọ̀nà oko tó wà láàárín Ìsẹ̀ àti àwọn abà. Bí ẹ bá fẹ́ wọ inú rẹ̀, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tó ń mójú tó igbó ní Adó, kí ẹ fi ẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ wọn.

Ewu tó pọ̀ jù ní apá yìí ni afárá onígi. Àwọn agbégilódò ló ń ṣe é fún lọ́rí wọn: wọ́n á tẹ́ ìtì igi méjì tàbí mẹ́ta sórí odò, wọ́n á kan pákó lé e ní òòró, bí lọ́rí ṣe ń lọ. Àlàfo tó wà láàárín pákó àti pákó sì fẹ̀ tó ìka mẹ́ta sí mẹ́rin. Táyà lọ́rí á kọjá lórí rẹ̀ láìmọ̀ pé àlàfo wà. Táyà mílímítà 40 á wọ inú rẹ̀ ṣinṣin, iwájú kẹ̀kẹ́ á dúró lójijì, ẹ̀yin á sì fò kọjá ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ní òwúrọ̀ tí ìrì bá wà lórí igi, ó tún ń yọ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí gbogbo afárá onígi, láìyọ ẹyọ kan sílẹ̀.

Níbi tí kò bá sí afárá, ẹ fi ẹsẹ̀ wọ odò kí ẹ tó mú kẹ̀kẹ́ wọ̀ ọ́. Omi tó bá ga ju orúnkún lọ tó sì ń sáré, ẹ má kọjá á. Omi tí ẹ kò bá rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ fi ọ̀pá wò ó. Bí ẹ bá ń ti kẹ̀kẹ́ kọjá, kí kẹ̀kẹ́ wà ní ìhà tí omi ń ṣàn lọ, kí ẹ̀yin wà ní ìhà tí ó ti ń bọ̀. Bó bá jẹ́ òdìkejì, omi á ti kẹ̀kẹ́ lù yín lẹ́sẹ̀, á sì dá yín wólẹ̀. Bí odò bá ṣàdédé pọ́n tí ewé àti ẹ̀ka igi sì ń bá a bọ̀, òjò ti rọ̀ lókè nìyẹn. Ẹ jáde.

Ní ti mímọ ọ̀nà, ẹ ti tọ́jú máàpù sínú fóònù kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sí nínú àfonífojì. Máàpù yẹn kò mọ ọ̀nà tó wà lábẹ́ igi. Ọlọ́kadà ló mọ̀ ọ́n. Ẹ má bi í bóyá ọ̀nà dára, á ní ó dára. Ẹ bi í bóyá ọ̀kadà ń gbà á nígbà òjò. Ibi tí ọ̀kadà ń gbà tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, kẹ̀kẹ́ yín á gbà á. Ibi tó jẹ́ lọ́rí nìkan ló ń gbà á, kòtò táyà ibẹ̀ á jìn dé pẹ́dà. Bí ó bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ nìkan, inú oko ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ ni yóò parí sí. Ẹ má sì bi í bóyá ó jìnnà, nítorí «kò jìnnà» ni ìdáhùn rẹ̀. Ẹ bi í iye tó ń gbà dé ibẹ̀. Owó rẹ̀ ló máa sọ bí ọ̀nà ṣe gùn tó, àti bó ṣe burú tó.

Ẹ kí gbogbo ẹni tí ẹ bá pàdé. Ní abà tí ẹ bá kọ́kọ́ dé, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ kí àgbà ibẹ̀, ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ. Àwọn náà ló máa wá yín bí ẹ kò bá jáde. Bí ẹ bá rí màrìwò tí wọ́n ta dí ọ̀nà, ibẹ̀ kì í ṣe ti àlejò. Ẹ ṣẹ́rí padà láìbéèrè.

Ó ku afẹ́fẹ́ inú táyà. Fún ẹni tó wúwo tó kílò 70 sí 75, táyà mílímítà 40 tó ní tíúbù, ẹ fún iwájú ní 35 psi (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka agbára afẹ́fẹ́ táyà), ẹ̀yìn ní 40. Bí kò bá ní tíúbù, tó jẹ́ sealant, ìyẹn omi tó ń dí ihò táyà láti inú, ni wọ́n dà sí i, 28 níwájú, 32 lẹ́yìn. Àwọn tó ń fún un le bíi ti títì máa ń rò pé kò ní jò. Òdìkejì ni lórí ilẹ̀ tó ní òkúta, á máa ta lórí òkúta ni, ọwọ́ yín á sì kú. Sealant máa ń yára gbẹ nínú ooru ilẹ̀ wa. Mílílítà 60 ni kí ẹ dà sínú táyà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn oṣù méjì.

Bí tíúbù bá jò, ẹ wo ojú ihò kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Ihò méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: afẹ́fẹ́ kéré, ríìmù ló gé e ní etí kòtò. Ihò kan ní ìhà táyà: ẹ̀gún tàbí wáyà ni, ó sì lè ṣì wà nínú táyà. Ẹ fi ìka tọ inú rẹ̀ yíká, jẹ́jẹ́, kí ẹ tó fi tíúbù mìíràn sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èyí náà á jò láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ihò bá wà ní ìhà ríìmù, téèpù tó bo orí sípóòkù ló ti sún. Kò sí bí ẹ ṣe lè lẹ̀ ẹ́ tó tí kò ní padà jò, àfi kí ẹ tún téèpù náà ṣe.

Fọkanáísà wà ní gbogbo oríta Èkìtì, ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀, ti ọkọ̀ ni. Bí ẹnu tíúbù yín bá jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ìdè kékeré lórí, ìyẹn Presta, kò ní wọ̀ ọ́. Ẹ ra adapter idẹ kékeré tó ń sọ ọ́ di ti ọkọ̀, ẹ dè é mọ́ ẹnu táyà gan-an kí ó má baà sọnù. Ẹ sì sọ fún un kó máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀: tíúbù kẹ̀kẹ́ kéré, ẹ̀rọ yẹn sì lè bẹ́ ẹ kí ojú tó ṣẹ́. Ẹ tún mú tíúbù méjì, páàṣì àti gúlúù, páǹpù ọwọ́, irin ìyọtáyà méjì, irinṣẹ́ tó ní kọ́kọ́rọ́ mílímítà 4, 5 àti 6, ìsopọ̀ séènì kan tó bá iye jíà ẹ̀yìn yín mu, àti hanger, irin tó so derailleur mọ́ férémù. Ti kẹ̀kẹ́ kan kì í bá òmíràn mu, ẹ ò sì ní rí i rà ní Adó lọ́jọ́ tó bá kán. Ẹ ra á sílẹ̀.

Omi: nǹkan bí mílílítà 600 ní wákàtí kan, ju bẹ́ẹ̀ lọ ní apá Èrò. Fún wákàtí márùn-ún, pure water mẹ́fà nìyẹn, ẹ mú mẹ́jọ. Nínú lítà kan, ẹ fi ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí iyọ̀ sí i, kó má ju bẹ́ẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ẹ̀pà tó fún ọ̀nà. Iyán dára, Èkìtì sì ni a wà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ ẹ́ ní ọ̀sán kò ní rí òkè Ẹ̀fọ̀n gùn. Ẹ jẹ́ kó dúró dè yín nílé.

Lọ́jọ́ kejì ìrìn, ẹ fọ eruku pupa kúrò pẹ̀lú omi àti ọṣẹ díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ lò, kì í ṣe ẹ̀rọ àwọn afọkọ̀, èyí tó ń ti omi wọ inú bẹ́rìn. Ẹ nu séènì gbẹ, ẹ kán òróró sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ nu èyí tó kù lóde kúrò. Òróró tó bá kù lóde ló ń kó eruku jọ, tí ń jẹ eyín jíà. Bí ẹ bá wọ odò, ẹ fa ọ̀pá ìjókòó yọ, ẹ dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀, kí omi inú férémù dà jáde. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọwọ́ yí pẹ́dà láìsí séènì lórí rẹ̀. Bó bá ń dún bí ẹni ń lọ iyanrìn, omi ti wọ bẹ́rìn, ẹ tú u kí ìrìn tó kàn tó dé.